Àwòrán Ayaba Tó Wà ní Pálọ̀ Tata

Mi ò fẹ́ràn àwòrán yẹn rí. Láti kékeré ni mo ti kórìíra rẹ̀, mo sì kórìíra ẹni tó gbé e kọ́ sára ògiri. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni. Tata ni gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè é, bí a ṣe ń pe àǹtí ní Tchaourou níbí, ṣùgbọ́n ohùn tí a fi ń pè é kì í ṣe ohùn ìfẹ́. Ilé rẹ̀ ló tóbi jù nínú agbo ilé wa, pálọ̀ rẹ̀ nìkan ló ní bẹntiléètọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ojú àwòrán náà sì ni èèyàn máa kọ́kọ́ bá pàdé bó bá ti tẹ ẹnu ọ̀nà.

Kò ní àwọ̀ kankan, dúdú àti funfun lásán ni. Ẹni tó ṣe é kò fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Irin ṣóńṣó ló fi fín in sára bàbà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n tó ta yíǹkì sí i, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bí o bá sún mọ́ ọn jù, ìlà nìkan lo máa rí. Bí o bá fà sẹ́yìn díẹ̀, aṣọ á yọ, ojú á yọ, ọwọ́ á yọ. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó obìnrin ìjọ Kátólíìkì tí à ń pè ní ma sœur ló gbé e fún ìyá bàbá mi, tó ń se oúnjẹ fún wọn, nígbà tí ó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ ni pé ayaba kan ni, ẹni mímọ́, tó ṣàánú àwọn tálákà. Nígbà tí ìyá àgbà kú, wọn ò tíì bo sàréè rẹ̀ tán tí Tata ti gbé àwòrán náà lọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

Obìnrin kan jókòó sórí àga nínú rẹ̀. Ó fi aṣọ bo orí dé èjìká, ó na ọwọ́ kan síwájú. Obìnrin mìíràn kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, orí rẹ̀ wà lásán, ó dojú kọlẹ̀. A máa ń rí ẹnu abọ́ ńlá kan lẹ́bàá rẹ̀. Àwọn èèyàn dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ta ló máa béèrè èwo ni ayaba nínú wọn? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó jókòó ló ni ilé, ẹni tó kúnlẹ̀ ló wá tọrọ. Abọ́ yẹn, abọ́ agbe ni gbogbo wa pè é. Ìsàlẹ̀ àwòrán náà kò hàn, nítorí Tata ti so òdòdó oníke mọ́ etí férémù rẹ̀ nísàlẹ̀, pupa àti yẹ́lò, tó nípọn bí ìdì ewébẹ̀. Ó ní ó bu ẹwà kún un. Eruku àti èéfín ló bù kún un ní tòótọ́.

Ayaba orí àga yẹn ni Tata fi ara rẹ̀ wé. Bí iṣu tuntun bá ti pọ̀ lọ́jà, tí ọjọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ náà bá pé, á ní kí wọ́n gbé àga onítìmùtìmù rẹ̀ lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ igi máńgòrò. Á fi aṣọ funfun bo orí dé èjìká, á jókòó, á sì ní kí àwọn opó àti àwọn arúgbó tò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á wá kúnlẹ̀. Tata á na iṣu kan sí i, ṣùgbọ́n kò ní fi í sílẹ̀. Á dì í mú títí ẹni tó kúnlẹ̀ yóò fi dúpẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Iṣu tí kòkòrò ti lu ìdí rẹ̀ ló sì ń pín. Mo mọ̀, nítorí ìyá mi ló ń ṣà wọ́n lọ́tọ̀ fún un.

Ìyá mi dàgbà ju Tata lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni. Wọ́n ti bí Tata sínú agbo ilé kí ìyá mi tó wọlé, ìyẹn ló fi jẹ́ pé "ọkọ mi" ni ìyá mi ń pè é, tí ó sì ń kúnlẹ̀ kí i ní gbogbo òwúrọ̀. Èyí kò bí mi nínú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyàwó ń ṣe, èmi náà ń ṣe é nílé ọkọ mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Tata máa ń jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Á máa wo fóònù rẹ̀, á máa fi àtàǹpàkò yí i sókè sódò, ìyá mi á wà lórí orúnkún, pẹ̀lú eegun ẹsẹ̀ tó ti ń dùn ún. Nígbà tó bá wù ú, á ní, "Ìyàwó, ṣé o jí dáadáa?" Àwọn ìgbà kan wà tí mo fẹ́ gba fóònù yẹn kí n sì là á mọ́ ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá burú sí i lẹ́yìn ikú bàbá mi. Oko kaṣú kan wà ní ọ̀nà Kika tó jẹ́ pé bàbá mi àti ìyá mi ni wọ́n jọ gbìn ín. Mo rántí ìyá mi tó ń ru omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ síbi àwọn igi kékeré yẹn. Mo rántí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń gé ọ̀nà iná yí oko ká kí iná ìgbẹ́ má baà wọ inú rẹ̀. Bí a ti sin bàbá mi tán, Tata ní òun á máa bá ẹbí bojú tó oko náà. Ó kó àwọn alágbàṣe lọ síbẹ̀. Ó sì ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, oko kì í ṣe ibi tí opó ń lọ. Opó tó jẹ́ pé láti kùtùkùtù títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń rán an níṣẹ́ nínú agbo ilé.

Ìyá mi kò bá a jà. Ó wọ aṣọ, ó gun zémìjàn, alùpùpù tó ń kó èrò, ó lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Baálẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní kí a jẹ́ kí àjọ̀dún kọjá, pé ní ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀lé e òun á pe ilé wa jọ sí iwájú òun, kí oníkálukú sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi pè mí ní Parakou, níbi tí mo ti ń ránṣọ, tó sọ èyí fún mi, ṣe ni mo ti máṣíìnì mi síbi kan. Mo wọ takisí wálé. Mo ti mọ̀ pé Tata kò ní jókòó kó máa wo Baálẹ̀ níran.

Mi ò tíì sinmi ẹsẹ̀ tí mo fi gbọ́ ohun tó ń gbèrò. Mo wà lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná, mò ń bó ẹ̀gẹ́, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bon, ìyàwó ni yóò kọ́kọ́ jáde lọ́dún yìí," ni Tata wí. "Wọ́n á gbé àwòrán wá sí ọgbà, mon père, àlùfáà tuntun yẹn, fẹ́ bu omi mímọ́ sí i. Á kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwòrán, èmi á na iṣu sí i, on fait la photo, wọ́n á ya wá ní fótò."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ìyàwó yín kúkú kì í ṣe aláìní."

"Ìdí nìyẹn náà. Baálẹ̀ á wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ gba iṣu láàárín àwọn aláìní lójú Baálẹ̀, ẹnu wo ni yóò tún fi sọ fún un pé òun ní oko? Voilà. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ọ̀bẹ ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi. Mo dìde, mo lọ bá ìyá mi nínú yàrá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìmí. Ó ń to aṣọ. Ó tò ó tán kí ó tó dáhùn.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Ó ti ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní mo gbọ́."

"Màmá, ẹ ò ní lọ."

"Ta ló máa sọ fún ọkọ mi pé mi ò ní wá? Ìwọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Mo ní kò sí ẹni tó lè fipá mú un kúnlẹ̀ bí agbe. Mo sọ ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí kò yẹ kí ọmọ sọ nípa àbúrò bàbá rẹ̀, ọ̀kankan nínú wọn kò sì dùn mí títí di òní. Ìyá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá sọ fún mi pé bí òun kò bá lọ, Tata á sọ fún Baálẹ̀ pé òun kò ka ẹbí sí, pé ìyàwó tó ń ṣorí kunkun lòun. Bí òun bá lọ, oko ti lọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń sọ iye omi tó kù nínú ìkòkò. Ìyẹn gan-an ló mú kí inú mi ru. Mo fẹ́ kó pariwo. Kò pariwo.

Àwọn ìyàwó ilé ni ń ṣiṣẹ́ àjọ̀dún, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè bóyá ó rẹ̀ wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún, Tata pàṣẹ pé kí ìyá mi sọ àwòrán kalẹ̀ kó nù ún. Òun fúnra rẹ̀ lọ ṣe irun. Mo bá ìyá mi gbé e jáde sí àgbàlá, a gbé e lé orí ẹní. Ó bu omi ọṣẹ, mo mú àkísà. Òdòdó oníke náà ti dọ̀tí débi pé a kò mọ pupa mọ́ yẹ́lò mọ́. Ìyá mi tú okùn rẹ̀, ó jù wọ́n sí ẹ̀gbẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ gíláàsì láti òkè. Mo jókòó tì í, mò ń kùn.

Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Wá wo ibí," ó ní.

Mo wò ó. Ẹni tó jókòó sórí àga kò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú abọ́ tí à ń pè ní abọ́ agbe. Omi ló wà nínú abọ́ náà, ẹni tó fín àwòrán ti fi ìlà rọ́bọ́tọ́ rọ́bọ́tọ́ ṣe omi. Ẹsẹ̀ kejì rèé, wọ́n fi àkísà dì í, egbò wà lójúgun. Etí aṣọ rẹ̀ ti fà ya, wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó kúnlẹ̀ ní tirẹ̀ mú aṣọ ìnusẹ̀ lọ́wọ́, etí aṣọ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà yí po. Lórí ilẹ̀, lẹ́bàá orúnkún rẹ̀, nǹkan kan wà tó ní ẹnu ṣóńṣó ṣóńṣó, irú èyí tó máa ń wà lórí ère àwọn ọba mẹ́ta tí wọ́n ń kó jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésì.

"Adé ta nìyí?" ni ìyá mi béèrè.

Ó fi ìka tó lọ́ṣẹ tọ ọ̀nà láti ibi adé lọ sí orúnkún, láti orúnkún lọ sí ẹ̀yìn, títí dé orí tó wà lásán yẹn.

"Ayaba ló kúnlẹ̀," ó ní. "Ó ń fọ ẹsẹ̀ fún agbe." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. "Gbogbo ọdún yìí, agbe ni ọkọ mi ń ṣe lórí àga yẹn."

Mo fẹ́ sáré jáde lójú ẹsẹ̀ kí n lọ sọ fún gbogbo Tchaourou láti ibùdókọ̀ títí dé ojú irin. Ìyá mi di ìró mi mú. Ó ní kí n jókòó, pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu tèmi jáde, ọ̀rọ̀ ìbínú ni wọ́n á pè é. Ó nu gíláàsì náà gbẹ. Nígbà tí Tata dé, tó béèrè òdòdó rẹ̀, ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní ó ti gbó jù, kò yẹ ojú mon père. Tata wo àwòrán náà láti òkèèrè, ó ní ó mọ́. Irun rẹ̀ tuntun ló gbà á lọ́kàn.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kún. Baálẹ̀ wà ní iwájú pẹ̀lú àwọn àgbà rẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n a kì í ṣe àjọ̀dún láìpe ara wa ní ìlú yìí. Àwa náà ń lọ sọ́dọ̀ wọn nígbà Iléyá. Wọ́n gbé àwòrán lé orí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Tata jókòó sórí àga rẹ̀, aṣọ funfun lórí dé èjìká, òkìtì iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlùfáà tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin láti apá Kétu, ti bu omi mímọ́ sí àwòrán tán. Ayàwòrán ti dúró. Mo dúró sáàárín àwọn obìnrin.

Wọ́n pe ìyá mi. Ó jáde nínú aṣọ dúdú opó rẹ̀. Tata ti na iṣu síwájú, ó ti yí ojú sí ayàwòrán. Ìyá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò kúnlẹ̀. Àlùfáà ló yíjú sí, ó sì tẹrí ba fún un.

"Mon père, ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kúnlẹ̀ nítorí àwòrán yìí, a ò mọ ìtàn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wa kí n tó kúnlẹ̀."

Inú àlùfáà dùn. Ó sún mọ́ tábìlì. "Ayaba wa nìyí," ó ní, ó sì fi ìka kan ẹni tó kúnlẹ̀.

"Èwo?" ni bàbá àgbà kan béèrè láti ẹ̀yìn.

"Èyí tó kúnlẹ̀. Ẹ wò ó, ó ti bọ́ adé rẹ̀ sí ilẹ̀. Ìyá arúgbó tí kò ní ẹnikẹ́ni ló jókòó sórí àga ayaba, ayaba sì ń fọ egbò rẹ̀. Àwọn ìjòyè ló wà lẹ́yìn yìí. Ìtìjú ni wọ́n fi fọwọ́ bo ẹnu."

Gbogbo ojú kúrò lára àwòrán, wọ́n wá sára Tata. Aṣọ tó fi bo orí, ọwọ́ tó nà, bó ṣe fẹ̀yìn ti àga: arúgbó inú àwòrán gan-an ni. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi dùn. Àlùfáà, tí kò mọ nǹkan kan nípa ilé wa, wá fi kún un pé, "Bí ìyá wa yìí ṣe ń ṣe fún yín lọ́dọọdún."

Tata kì í ṣe ẹni tó ń jẹ́ kí wọ́n borí òun ní gbangba. Ó fi iṣu sílẹ̀, ó dìde.

"Mais oui, mon père," ó ní. "Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí náà nìyẹn. Ìyàwó, wá jókòó. Ẹ bu omi wá."

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí ìyàwó nínú agbo ilé wa tó lè jókòó gẹlẹtẹ kí ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ fún un. Bí orúnkún Tata bá ti ń tẹ̀, ìyá mi gbọ́dọ̀ já kúrò lórí àga, kó dì í mú, kó kúnlẹ̀ lọ́nà tó rẹlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, kó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Àwọn èèyàn á yin Tata, ìyá mi á wà nílẹ̀, fótò á sì jáde bó ṣe fẹ́ ẹ. Oró rẹ̀ kò tíì tán.

Ìyá mi jókòó. Ó bọ́ bàtà. Wọ́n gbé bàsíà omi wá. Tata ká aṣọ rẹ̀, ó rọra kúnlẹ̀, ó sì dúró díẹ̀ lórí orúnkún, kí ìyá mi lè rí àyè fò dìde. Gbogbo àwọn ìyàwó ilé ti na ọrùn. Ọ̀kan nínú wọn, àgbàlagbà, sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Dìde, dìde, o máa kó ẹ̀gàn bá wa."

Ìyá mi kò dìde. Ó ki ẹsẹ̀ kan bọ omi.

Tata gbójú sókè wò ó. Mi ò rí irú ìwò yẹn lójú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àlùfáà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, Baálẹ̀ ń wò, ayàwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kámẹ́rà. Ó bu omi, ó dà á sí ẹsẹ̀ náà.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́," ni ìyá mi wí. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ ọ. "Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi gbin oko kaṣú Kika. Ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́ dáadáa. Òun náà ni mo máa gbé lọ síbẹ̀ lọ́la, ọ̀nà iná ti tó gé."

Baálẹ̀ mi orí lẹ́ẹ̀kan pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i, Tata náà rí i. Ó fi aṣọ nu ẹsẹ̀ náà láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka, ó sì fẹ́ dìde.

"Ó ku èkejì," ni ìyá mi wí.

Tata tún kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ mú un.